Bí a ṣe ń sọ máàkì ìdánwò di pásẹ́ǹtì láìrẹ́ ọmọ kankan jẹ

TíṣàSáyẹ́ǹsì
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́. Òpin táámù ti dé, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ nǹkan kan wò kí n tó kó èsì fún ọ̀gá ilé ìwé. JSS 2 ni kíláàsì náà. Tẹ́ẹ̀sì kìíní jẹ́ 20, tẹ́ẹ̀sì kejì jẹ́ 15, iṣẹ́ àṣetiléwá jẹ́ 10. Nínú ìdánwò, objective jẹ́ ìbéèrè 50, máàkì kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Theory jẹ́ 40: mẹ́rin ni wọ́n máa dáhùn nínú mẹ́fà, máàkì 10 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé ìwé fẹ́ kí C.A. (tẹ́ẹ̀sì méjèèjì àti iṣẹ́ àṣetiléwá) jẹ́ 40, kí ìdánwò jẹ́ 60. Ọmọ kan nìyí: 14, 9, 8, objective 36, theory 23. Ẹnì kan ní kí n sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di pásẹ́ǹtì, kí n ro márààrún pọ̀, kí n wá fi 5 pín in. Mo rí 67.9. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é?

Bàbá Ìṣirò
Rárá o, ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ àṣetiléwá tó jẹ́ máàkì 10 péré lẹ sọ di ìdá kan nínú márùn-ún èsì ọmọ yẹn. Ẹ mú un jókòó bí ẹgbẹ́ objective tó jẹ́ 50.

Lára ọmọ tí ẹ mú wá yìí, àṣìṣe náà kò fi bẹ́ẹ̀ hàn, torí pé èsì rẹ̀ gan-an jẹ́ 66.89. Ẹ wo irú ọmọ tó jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń bá a ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá: 8 nínú 20, 6 nínú 15, 10 nínú 10, objective 20, theory 16. Gbogbo ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, pásẹ́ǹtì 40 ni. Bí ẹ bá ro 40, 40, 100, 40, 40 pọ̀, tí ẹ fi 5 pín in, ẹ máa rí 52. Ìṣirò tó tọ́ máa fún un ní 45. Lórí òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé wa ń lò, ẹ ti sọ gíréèdì D7 (45 dé 49) di C6 (50 dé 54) nítorí ìwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ.

Ohun tó yẹ ni pé kí ẹ ro ohun tí ọmọ gbà pọ̀, kí ẹ ro ohun tó wà nílẹ̀ fún un láti gbà pọ̀, kí ẹ tó pín rárá.

C.A.: 14 + 9 + 8 = 31. Ohun tó wà nílẹ̀: 20 + 15 + 10 = 45. 31 lọ́nà 40 jẹ́ 1240. Ẹ fi 45 pín 1240, ó jẹ́ 27.56.

Ìdánwò: 36 + 23 = 59. Ohun tó wà nílẹ̀: 50 + 40 = 90. 59 lọ́nà 60 jẹ́ 3540. Ẹ fi 90 pín in, ó jẹ́ 39.33.

Ẹ ro méjèèjì pọ̀: 66.89. Ẹ kọ 67. Ẹ máa fi òye wo nọ́ńbà ìsàlẹ̀ yẹn, 45 àti 90. Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa kàn ń fi 100 lọ́nà, a kì í béèrè pé kí ni 100 náà dúró fún.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Kí ẹ má baà máa kọ 1240 sí ibi gbogbo, ẹ gé ìdá náà kúrú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. 40 lórí 45 jẹ́ 8 lórí 9. 60 lórí 90 jẹ́ 2 lórí 3. Nítorí náà, C.A. lọ́nà 8, ẹ fi 9 pín in. Ìdánwò lọ́nà 2, ẹ fi 3 pín in. 59 lọ́nà 2 jẹ́ 118, ẹ pín in sí mẹ́ta, 39.33. Orí lásán gbà á.

Èyí tí mo máa ń lò bí mo bá ń lọ sí 100 tààrà: bí ìdánwò bá jẹ́ 20, ẹ fi 5 lọ́nà. Bí ó bá jẹ́ 25, ẹ fi 4. Bí ó bá jẹ́ 40, ẹ fi 5 lọ́nà kí ẹ pín in sí méjì. 80, ẹ fi 5 lọ́nà kí ẹ pín in sí mẹ́rin. 60, ẹ fi 5 lọ́nà kí ẹ pín in sí mẹ́ta. 30, ẹ fi 10 lọ́nà kí ẹ pín in sí mẹ́ta. 15, ẹ fi 20 lọ́nà kí ẹ pín in sí mẹ́ta. Àwọn bíi 35, 45 àti 70 ló máa ń fa orí fífọ́. 17 nínú 35: 1700, ẹ fi 35 pín in, 48 ó ṣẹ́ ku 20. Ẹ fi òdo sí ara 20, ó di 200, 35 lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó ṣẹ́ ku 25. Òdo mìíràn, 250, lẹ́ẹ̀meje. 48.57. Ẹ dúró níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Bàbá Ìṣirò, ẹ ṣeun sà, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀. Àròpọ̀ 31 nínú 45 yẹn dára bí ilé ìwé kò bá ti sọ iye tí tẹ́ẹ̀sì kọ̀ọ̀kan máa jẹ́. Ilé ìwé mìíràn máa ń kọ ọ́ sílẹ̀: tẹ́ẹ̀sì kìíní 15, tẹ́ẹ̀sì kejì 15, iṣẹ́ àṣetiléwá 10. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ẹ máa yí padà sí iye tirẹ̀ kí ẹ tó rò wọ́n pọ̀. Ẹ wo ọmọ tó gba 6 nínú 20, 15 nínú 15, 10 nínú 10. Ọ̀nà àròpọ̀: 31 nínú 45, 27.56. Ọ̀nà kejì: 6 nínú 20 di 4.5 nínú 15, ẹ fi 15 àti 10 kún un, 29.5. Máàkì méjì dín díẹ̀ ló wà láàárín wọn, ọmọ kan náà, tẹ́ẹ̀sì kan náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni objective àti theory rí. 50 àti 40 tí TíṣàSáyẹ́ǹsì fi sílẹ̀ túmọ̀ sí pé objective ló wúwo jù. Bí ilé ìwé bá fẹ́ kí objective jẹ́ 20, kí theory jẹ́ 40 nínú 60 yẹn, 36 máa di 14.4, 23 máa dúró bó ṣe wà, ìdánwò ọmọ náà á sì jẹ́ 37.4 dípò 39.33. Ẹ lọ bi ọ̀gá ilé ìwé léèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọ̀nà tó burú nínú méjèèjì. Ohun tó burú ni kí 2A lo ọ̀kan, kí 2B lo èkejì.

TíṣàSáyẹ́ǹsì
Ẹ ṣé mà. Mo ti béèrè, wọ́n ní àròpọ̀ ni. Ọmọ méjìdínlọ́gọ́rin ló wà ní kíláàsì mi o. Ṣé mo máa pín nǹkan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ni?

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Rárá. Ẹ ṣe tébù kan ṣoṣo. Ẹ kọ 1 títí dé 90 sí apá òsì ìwé, ẹ kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa dà sí apá ọ̀tún: 1 jẹ́ 0.67, 2 jẹ́ 1.33, 3 jẹ́ 2, 4 jẹ́ 2.67. Nọ́ńbà mẹ́ta-mẹ́ta ló máa ń padà sí odidi, nítorí náà bí 3, 6, 9, 12 kò bá já sí 2, 4, 6, 8, ẹ ti yẹ̀ níbì kan. Ẹ yẹ òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ wò: 90 gbọ́dọ̀ jẹ́ 60, 45 gbọ́dọ̀ jẹ́ 30, òdo gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. Tébù mìíràn fún C.A., 1 títí dé 45. Lẹ́yìn náà, wíwò ló kù, kò sí ìṣirò mọ́. Ẹ tọ́jú tébù náà fún táámù tó ń bọ̀.

Ọ̀gá Ìdánwò
Ẹ gbà mí láàyè kí n dá sí ti odidi nọ́ńbà, nítorí ibẹ̀ ni àwọn òbí ti ń bá wa jà.

Ẹ má sún nọ́ńbà sí odidi títí ẹ ó fi dé òpin. Ọmọ kan gba 30 nínú 45 àti 64 nínú 90. C.A. rẹ̀ jẹ́ 26.67, ìdánwò rẹ̀ jẹ́ 42.67. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 69.33, ìyẹn 69. Bí ẹ bá kọ́kọ́ sọ 26.67 di 27, tí ẹ sọ 42.67 di 43, ẹ ti fún un ní 70. Máàkì yẹn kò ti ọwọ́ ẹnikẹ́ni wá, ó sì ti gbé ọmọ náà láti B3 lọ sí B2. Ọmọ kejì gba 32 nínú 45 àti 59 nínú 90: 28.44 àti 39.33, àròpọ̀ 67.78, ìyẹn 68. Bí ẹ bá sún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, 28 àti 39, ó di 67. Ẹ ti mú ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Òbí Kan
Ẹ jọ̀ọ́, èmi kì í ṣe olùkọ́. Bí wọ́n bá kọ 28 àti 39 sí káàdì ọmọ mi, tí wọ́n wá kọ 68 sábẹ́ rẹ̀, mo máa wá sílé ìwé o. 28 àti 39 jẹ́ 67 níbi gbogbo.

Ọ̀gá Ìdánwò
Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ̀bi káàdì ni, àpótí rẹ̀ kò gbà ju odidi lọ. Ẹ má sì rò pé nọ́ńbà kan lẹ́yìn pọ́ìǹtì á yanjú rẹ̀: 28.4 àti 39.3 jẹ́ 67.7, àmọ́ 67.78 máa ń di 67.8. Nọ́ńbà méjì náà ńkọ́? 28.44 àti 39.33 jẹ́ 67.77. Ó ṣì ku ẹyọ kan.

Bàbá Ìṣirò
Ọ̀nà àbáyọ méjì ló wà. Ìkíní: kí ilé ìwé fi òfin dè é pé odidi ni C.A. máa jẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti kọ ọ́ sínú ìwé, ìdánwò náà bẹ́ẹ̀, káàdì á sì rò pọ̀ dáadáa. Ọmọ tó pàdánù máàkì kan yóò wà, ọmọ tó jèrè kan yóò wà, àmọ́ òfin kan náà ló kan gbogbo wọn, òbí sì lè fi ìka kà á. Ìkejì ni mo fẹ́ràn jù: ẹ ṣètò ìbéèrè kí ó má nílò yíyí padà rárá. Tẹ́ẹ̀sì kìíní 15, ìkejì 15, iṣẹ́ àṣetiléwá 10, ó pé 40. Objective 30, theory mẹ́ta ní máàkì 10 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó pé 60. Ìgbà tí a ń tẹ ìbéèrè ló yẹ ká ti ronú kan èyí, kì í ṣe ìgbà tí a ń ṣe káàdì ní aago mẹ́wàá alẹ́.

Ọ̀gá Ìdánwò
Mo gbà pẹ̀lú yín lórí ìkejì. Lórí ìkíní, mi ò gbà. Ọmọ tó wà ní 69.33 kò yẹ kó jókòó sórí àga ẹni tó gba 70. Ẹ tẹ àpapọ̀ nìkan sí káàdì, kí ẹ fi ìyókù sínú broadsheet (ìwé tí máàkì gbogbo kíláàsì wà) tí òbí lè béèrè fún.

Òbí Kan
Àpapọ̀ nìkan kẹ̀? Báwo ni màá ṣe mọ̀ bóyá tẹ́ẹ̀sì ló fà á sẹ́yìn àbí ìdánwò?

Ìyá Ìbejì
Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún ọ̀gá ilé ìwé kálukú. Mo ní ìbéèrè tèmi. Ìbéèrè 17 nínú objective wa kò ní ìdáhùn kankan tó tọ̀nà, àṣìṣe títẹ̀ ni. Àwọn kan ní kí a fún gbogbo ọmọ ní máàkì kan, àwọn kan ní kí a fi 49 pín dípò 50. Èwo ló dára?

Bàbá Ìṣirò
Ẹ fi nọ́ńbà wò ó. Ọmọ tó gba 36 láìka ìbéèrè 17: bí ẹ bá fún un ní ọ̀kan, 37 nínú 50, ó jẹ́ 74. Bí ẹ bá fi 49 pín, 36 lórí 49, ó jẹ́ 73.47. Ọmọ tó gba 12: 13 nínú 50 jẹ́ 26, 12 lórí 49 jẹ́ 24.49. Ẹni tó gba gbogbo rẹ̀ kò rí ìyàtọ̀, 100 ni lọ́nà méjèèjì. Nítorí náà, máàkì ọ̀fẹ́ máa ń gbé ẹni ìsàlẹ̀ sókè ju ẹni òkè lọ. 49 ló mọ́ jù. Ṣùgbọ́n bí tébù yín bá ti wà nílẹ̀ fún 50, tí àkókò kò sì sí, fífún gbogbo wọn ní ọ̀kan kò ba nǹkan jẹ́ púpọ̀.

Ẹ ṣọ́ ibi kan ṣá. Bí ìwé ìdáhùn yín bá ti kọ B sí nọ́ńbà 17, tí ẹ sì ti máàkì, àwọn tó mú B ti gba máàkì yẹn ná. Ẹ yọ ọ́ kúrò lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó gba gbogbo ìyókù, tó sì ṣèèṣì mú B, máa ní 51 nínú 50. Bí ó bá jẹ́ pé ìdáhùn méjì ló tọ̀nà ńkọ́? Ìyẹn kò le. Ẹ gba méjèèjì, 50 á dúró bó ṣe wà.

Kọ̀ǹpútà Lékè
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ọgbọ́n. Fún àwọn tó ń lo Excel tàbí Google Sheets, èyí tó máa ń bàjẹ́ rèé.

Bí tẹ́ẹ̀sì méjèèjì àti iṣẹ́ àṣetiléwá bá wà ní B, C, D, tí objective àti theory wà ní E àti F:
C.A. ní G2: =SUM(B2:D2)/45*40
Ìdánwò ní H2: =SUM(E2:F2)/90*60
Àpapọ̀ ní I2: =ROUND(G2+H2,0)

ROUND náà wà ní I nìkan. Ẹ má fi sí G àti H, àfi bí ilé ìwé yín bá tẹ̀lé ọ̀nà ìkíní ti Bàbá Ìṣirò. Bọ́tìnnì tó ń dín nọ́ńbà ẹ̀yìn pọ́ìǹtì kù lójú kì í yí nọ́ńbà padà, ojú nìkan ló ń tàn. Abẹ́ rẹ̀ ṣì jẹ́ 28.44.

Bí ẹ bá rí 6689%, ẹ ti fi 100 lọ́nà, ẹ sì tún tẹ bọ́tìnnì % lé e lórí. Bọ́tìnnì yẹn fúnra rẹ̀ ti ń fi 100 lọ́nà. Ẹ yan ọ̀kan nínú méjèèjì.

Bí ẹ kò bá fẹ́ kọ 45 sínú gbogbo ìlà, ẹ kọ ọ́ sí àpótí kan, ká ní L1, kí ẹ sì lò ó bí $L$1. Bí ẹ bá kọ L1 lásán, tí ẹ fà á wálẹ̀, ó máa di L2, L3, àwọn àpótí òfìfo, ẹ sì máa rí #DIV/0! láti orí ọmọ kejì lọ.

Ọmọ tí kò wá: bí ẹ bá kọ ABS, SUM máa fò ó kọjá, á kà á sí òdo láìsọ fún ẹnikẹ́ni. B2+C2+D2 máa kọ #VALUE! ní tiẹ̀. Mo fẹ́ràn èyí tó ń pariwo ju èyí tó dákẹ́ lọ. AVERAGE náà ń fo ABS, àmọ́ òun máa ń dín iye tó ń fi pín kù, nítorí náà ẹni tó sá tẹ́ẹ̀sì lè bọ́ síwájú ẹni tó jókòó ṣe é. Ẹ fi ojú sí èyí gidigidi.

Nọ́ńbà tó lẹ̀ mọ́ apá òsì àpótí kì í ṣe nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ ni. Ó lè jẹ́ pé lẹ́tà O ni ẹnì kan fi tẹ òdo.

TíṣàSáyẹ́ǹsì
Ọmọ tó ṣàìsàn, tó ní ìwé ilé ìwòsàn ńkọ́? Kò ṣe tẹ́ẹ̀sì kejì.

Ìyá Ìbejì
Òdo kọ́. Ẹ yọ 15 kúrò nínú nọ́ńbà ìsàlẹ̀ rẹ̀: 45 di 30. Bí ó bá gba 14 àti 8, 22 lọ́nà 40, ẹ fi 30 pín in, 29.33. Bí ẹ bá fi 45 pín in, 19.56 ni. Ẹ kọ ọ́ sí etí ìwé ìdí tí tirẹ̀ fi yàtọ̀, kí ẹni tó bá ń yẹ iṣẹ́ yín wò má baà rò pé ẹ ṣègbè.

Kọ̀ǹpútà Lékè
Mo gbàgbé ti gíréèdì. Ẹ má kọ ọ́ bí "láti 65 dé 69" àti "láti 70 dé 74". Bí ẹ kò bá lo ROUND, 69.5 kò sí nínú èyíkéyìí, àpótí rẹ̀ á ṣófo tàbí kó bọ́ sí F9. Láti òkè wálẹ̀ ni kí ẹ ti máa béèrè: =IF(I2>=75,"A1",IF(I2>=70,"B2",IF(I2>=65,"B3",... bẹ́ẹ̀ títí dé 40. Bí VLOOKUP lẹ ń lò, ìsàlẹ̀ ni tébù gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀: 0 F9, 40 E8, 45 D7, 50 C6, 55 C5, 60 C4, 65 B3, 70 B2, 75 A1, kí ẹ sì fi TRUE parí rẹ̀.

Òbí Kan
Ẹ ṣeun. Káàdì ọmọ mi: 812 ní iṣẹ́ (subject) 13. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gba 768 ní iṣẹ́ 12, wọ́n sì fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣáájú. Báwo ni 768 ṣe ju 812 lọ?

Ọ̀gá Ìdánwò
812 lórí 1300 jẹ́ 62.46. 768 lórí 1200 jẹ́ 64. Wọn kò ṣe àṣìṣe. Ilé ìwé tó ń fi àpapọ̀ lásán to ipò nígbà tí iye iṣẹ́ àwọn ọmọ kò dọ́gba, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ jà.

Ará Peckham
Ẹ kú iṣẹ́ láti London. Àbúrò mi ń bi mí nípa JAMB. Ó ṣe ìdánrawò nílé, ó gba ìbéèrè 110 nínú 180, ó ní òun ti ní pásẹ́ǹtì 61. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Kò rí bẹ́ẹ̀. Use of English jẹ́ ìbéèrè 60, iṣẹ́ mẹ́ta yòókù jẹ́ 40, 40, 40, àmọ́ 100 ni iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè kan nínú Gẹ̀ẹ́sì kò wúwo tó ìbéèrè kan nínú Físíìsì. Bí 110 rẹ̀ bá jẹ́ 45, 20, 20, 25: Gẹ̀ẹ́sì 75, 50, 50, 62.5. Àròpọ̀ 237.5 nínú 400. Ẹ fi 4 pín in, 59.4. Ìdánrawò nìyẹn jẹ́ o, èsì tí JAMB bá fi ránṣẹ́ ni èsì.

Bí èsì gidi bá dé, ká ní 247, ẹ fi 4 pín in bí ẹ bá fẹ́ pásẹ́ǹtì: 61.75. Ẹ fi 8 pín in bí ilé ìwé bá ń ka JAMB sí 50: 30.875. 4 àti 8 yìí ni àwọn ọmọ máa ń fi rọ́pò ara wọn, tí wọ́n á wá máa pariwo pé àwọn ti wọlé. Ní ìlànà tí UNILAG ti ń lò, 50 fún JAMB, 30 fún post-UTME (ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe), 20 fún O'level. Nínú 20 yẹn, iṣẹ́ márùn-ún ni: A1 jẹ́ 4, B2 jẹ́ 3.6, B3 jẹ́ 3.2, C4 jẹ́ 2.8, C5 jẹ́ 2.4, C6 jẹ́ 2. A1 méjì, B2 kan, B3 méjì: 8 + 3.6 + 6.4 = 18. Bí post-UTME bá jẹ́ 21 nínú 30, 30.875 + 21 + 18 = 69.875. Ní UI, JAMB pín sí mẹ́jọ àti post-UTME pín sí méjì ni wọ́n ti ń rò pọ̀. Ọmọ kan náà, bó bá gba 62 níbẹ̀, 30.875 + 31 = 61.875. Ẹ má fi 69 wé 61, òṣùwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ìlànà a máa yí padà láti ọdún dé ọdún; ti ọdún tí ọmọ ń wọlé ni kí ẹ kà lórí ìkànnì ilé ìwé náà fúnra rẹ̀.

Ará Peckham
Ẹ ṣé gan-an. Wọ́n tún ní kí ó kọ pásẹ́ǹtì WAEC rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù kan níbí. B3 ló ní ní Bàọ́lọ́jì. Ṣé kó kọ 67?

Bàbá Ìṣirò
Kó má kọ ọ́. Gíréèdì ló wà lórí èsì, kò sí máàkì níbẹ̀. Láti máàkì, ẹ lè dé gíréèdì. Láti gíréèdì, ẹ kò lè padà sí máàkì. 65 dé 69 tí a ń kà nílé ìwé kò sọ èwo ni ọmọ yẹn gbà. Kó kọ B3, kó jẹ́ kí àwọn tó gba fọ́ọ̀mù fi òṣùwọ̀n tiwọn wò ó.

Ti CGPA (ìpíndọ́gba èsì yunifásítì lórí 5) ló burú jù. Ẹ wo sẹ̀mẹ́sítà kan (unit ni ìwúwo kọ́ọ̀sì): kọ́ọ̀sì 3 unit, 68, kọ́ọ̀sì 2 unit, 74, kọ́ọ̀sì 1 unit, 55. Máàkì rẹ̀ gan-an: 204 + 148 + 55 = 407, ẹ fi 6 pín in, 67.83. Bí ẹ kò bá ka unit, ẹ máa rí 65.67, kò tọ́. GPA rẹ̀ lórí 5: B jẹ́ 4, A jẹ́ 5, C jẹ́ 3, nítorí náà 12 + 10 + 3 = 25, ẹ fi 6 pín in, 4.17. Bí ẹnì kan bá wá fi 5 pín 4.17, tó fi 100 lọ́nà, 83.4 ló máa rí. Níbo ni 83 ti wá? Ọmọ náà kò gba 83 nínú kọ́ọ̀sì kankan. Ẹni tó gba 60 jálẹ̀ ní 4.00, ẹni tó gba 69 jálẹ̀ ní 4.00, pásẹ́ǹtì 80 ni ìṣirò yẹn máa pe àwọn méjèèjì.

Ará Peckham
Níbí, ẹni tó bá rí 67 mọ̀ pé èsì gidi ni, torí 70 ni first class ti ń bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì wọn náà. Àwọn tó ń fi ìwé ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà ni kó ṣọ́ra: ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé wọn, 67 ń bọ́ sí D. Ẹ má fi nọ́ńbà ránṣẹ́ láìfi òṣùwọ̀n ilé ìwé, tó wà lẹ́yìn transcript, ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Kí n tó gbàgbé, ẹ bá mi sọ fún àwọn tó ń kọ ìròyìn fún ìpàdé òbí: kíláàsì tó kúrò ní 40 dé 50 kò fi pásẹ́ǹtì 10 gòkè. Pọ́ìǹtì 10 ni. Pásẹ́ǹtì 25 ló fi gòkè, nítorí 10 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin 40.

TíṣàSáyẹ́ǹsì
Mo ti parí tébù, mo ti tẹ gbogbo rẹ̀ sínú Excel. Ọmọ kan ní 62 nínú 60. Mo yẹ fọ́múlà wò, kò yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù.

Kọ̀ǹpútà Lékè
62 padà sẹ́yìn jẹ́ 93 nínú 90. Kí ló wà ní E àti F rẹ̀?

TíṣàSáyẹ́ǹsì
Objective 46, theory 47.

Bàbá Ìṣirò
Theory kò lè ju 40 lọ. Ìbéèrè márùn-ún ló dáhùn, ẹ sì máàkì márààrún. Ẹ wo òfin tó wà lórí ìwé ìbéèrè yín: mẹ́rin àkọ́kọ́ tàbí mẹ́rin tó dára jù. Ẹ fagi lé ìkarùn-ún, kí ẹ tún un rò. Kí ẹ sì wo àwọn yòókù pẹ̀lú, torí ẹni tó dáhùn márùn-ún, tó gba 33, kò ju 40 lọ, Excel kò sì ní fi í hàn yín.

TíṣàSáyẹ́ǹsì
Mo ti rí àwọn méjì mìíràn. 31 àti 36. Mo ń lọ gbé ìwé wọn jáde.